Eléyín Ńlá Lára Kẹ̀kẹ́ Kékeré: Ìtàn Ṣéènì Tó Ń Yọ

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ kan tí mo kọ́ ní yunifásítì, tó ti ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọjọ́ pípẹ́, pè mí lórí fóònù. Lẹ́yìn tí a ti kí ara wa, tí mo ti béèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ, ó ní, “Prof, ẹ má bínú sà, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo bá wá.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ṣé ẹ̀kọ́ kẹ̀kẹ́ ni mo kọ́ ẹ ni àbí ẹ̀kọ́ ìró ohùn?” Ó ní òun ò gbàgbé, àmọ́ òun rántí pé mo sọ ní kíláàsì lọ́jọ́ kan pé ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni mo ti máa ń lo ìsinmi ilé-ìwé nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ọ̀rọ̀ tó bá wá rèé. Ó ra kẹ̀kẹ́ tó ṣeé ká, irú èyí tí èèyàn lè ṣẹ́ po kó sì gbé wọ ọkọ̀ ojú irin. Wíìlì rẹ̀ kéré, íńṣì 20 péré ni. Ó ní tí òun bá ti dé ojú títì tó tẹ́jú, ẹsẹ̀ òun á máa yí kíákíá bíi ti ẹni tí ajá ń lé, síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ ò ní sáré. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ eré ìje wá fún un ní irin eléyín kan tó tóbi ju èyí tó wà níbi pẹ́dàlì rẹ̀ lọ: eyín 46 ni ti tẹ́lẹ̀, eyín 53 ni èyí tí wọ́n fún un. Ó dè é mọ́ ọn. Kẹ̀kẹ́ sáré lóòótọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni ṣéènì ti ń yọ. Ó yọ níbi tí ojú ọ̀nà ti rí gbágungbàgun, ó yọ nígbà tó ń pààrọ̀ jíà, ó sì wá yọ ní oríta kan níbi tó ti ń tẹ pẹ́dàlì kíkankíkan kó lè kọjá kí iná tó yí padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ òfìfo, ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Bọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rí i, ó dúró. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Mo dá a lóhùn kíá, bí àgbà tó mọ gbogbo nǹkan. Mo ní, “Ṣéènì ẹ ló dẹ̀. Yọ oríkèé méjì kúrò níbẹ̀, kó lè le dáadáa.” Ìmọ̀ràn tí àbúrò bàbá mi ìbá fún un gan-an nìyẹn. Ó gbọ́ tèmi, ó gé ṣéènì. Orí ló bá a ṣe é tó fi jẹ́ pé ó kọ́kọ́ gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ sókè, tó ń fi ọwọ́ yí pẹ́dàlì láti dán jíà wò kó tó gùn ún. Bó ṣe gbé ṣéènì bọ́ sórí eléyín ẹ̀yìn tó tóbi jù, ṣéènì le koránkorán bí ọsán gángan, apá tó ń pààrọ̀ jíà lẹ́yìn nà tantan síwájú, ó kù díẹ̀ kó ya kúrò lára férémù. Ká ní orí títì ló wà ni, wíìlì ẹ̀yìn ì bá há mọ́lẹ̀ lójijì, èmi olùkọ́ rẹ̀ ni mo sì rán an síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo wá rò ó títí, mo rí i pé ìmọ̀ràn mi kì í ṣe irọ́. Ayé tí mo ti mú un wá ló ti kọjá. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo lè ní ẹ̀yà ara láti ayé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ayé kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohun tirẹ̀ tó fi ń mú ṣéènì dúró. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀yà kan gbọ́dọ̀ mọ ayé tí àwọn yòókù ti wá.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí orúkọ

Iṣẹ́ ẹni kì í fi ẹni sílẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ ṣe. Yorùbá ya “ṣéènì já” sọ́tọ̀ kúrò lára “ṣéènì yọ”. Èyí tó já ti gé sí méjì. Èyí tó yọ ṣì wà lódindi, ibi tó yẹ kó jókòó sí ló ti bọ́. Ẹ tún wo ohùn: tí a bá ní ṣéènì *yọ*, ó ti bọ́ sílẹ̀, tí a bá ní ó ń *yọ̀*, ó ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ orí eyín ló ń gbà kọjá, kì í wọ àárín wọn dáadáa. Àìsàn méjì ni. Ti yíyọ ni ọ̀rọ̀ wa.

Irin róbótó tó ní eyín níbi pẹ́dàlì, eléyín iwájú ni màá pè é. Èyí tó wà níbi wíìlì ẹ̀yìn, eléyín ẹ̀yìn. Àwọn ọlọ́kadà ń pe méjèèjì ní sípọ́kẹ́ẹ̀tì, kò sì burú. Ní ti kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ju báísíkù lọ lọ́jọ́ orí. Àwọn ìyá wa tó ń ran òwú ti mọ kẹ̀kẹ́ òwú. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì, tí wọ́n parí iṣẹ́ náà ní ọdún 1884, ti lo kẹ̀kẹ́ fún ohun tí ẹṣin ń fà lọ sójú ogun. Nígbà tí báísíkù dé, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ dè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ òwú yẹn sọ́kàn, a máa padà bá a.

Ayé tí kò sí ṣéènì

Ní ọdún 1817, ní ìlú Mannheim ní Jámánì, Karl von Drais gun ohun onígi kan tó ní wíìlì méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Kò ní pẹ́dàlì. Ẹsẹ̀ ló fi ń ti ilẹ̀. Àwọn ará Faransé ló sọ ọ́ di ohun tí a ń fi ẹsẹ̀ yí, ní ẹ̀wádún 1860: wọ́n de pẹ́dàlì mọ́ wíìlì iwájú gan-an. Pierre Lallement gba pátẹ́ǹtì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1866.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí ìyẹn fà. Tí pẹ́dàlì bá wà lára wíìlì, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹsẹ̀ bá yí, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wíìlì máa yí. Kò sí jíà kankan. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà láti sáré ni kí wíìlì tóbi sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ irin ní Coventry, James Starley sì ni aṣáájú wọn, fi ń ṣe kẹ̀kẹ́ gíga ní ẹ̀wádún 1870, wíìlì iwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó èèyàn, ti ẹ̀yìn rí kóńkó. Gígùn ẹsẹ̀ ẹni ló ń pinnu bí ẹni ṣe máa sáré tó: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn á gun wíìlì íńṣì 56, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú á fi mọ sí 50. Orí òkè ni wọ́n jókòó sí. Tí òkúta bá dá wíìlì dúró lójijì, orí ni wọ́n fi ń sọlẹ̀.

Ayé yẹn ti lọ, àmọ́ ó fi ọ̀nà ìṣirò kan sílẹ̀ fún wa. Títí di òní, àwọn tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi íńṣì wíìlì ka jíà. Ẹ ó pín iye eyín iwájú sí iye eyín ẹ̀yìn, ẹ ó sì fi iye íńṣì wíìlì yín sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó bá jáde ni ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ gíga tí ì bá ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹ jẹ́ ká wo ti ọmọ mi. Eléyín ẹ̀yìn rẹ̀ tó kéré jù ní eyín 13. Pẹ̀lú eyín 46 níwájú, 46 pín sí 13, ní ìlọ́po 20, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íńṣì 71. Tó bá ń yí pẹ́dàlì ní ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan bíi kìlómítà 24 ló máa rìn ní wákàtí kan. Pẹ̀lú eyín 53, ó di íńṣì 81 àti ààbọ̀, nǹkan bíi kìlómítà 27 ní wákàtí kan pẹ̀lú ìyíẹsẹ̀ kan náà.

Ẹ ro íńṣì 81 àti ààbọ̀ yẹn wò. Ó ju mítà 2 lọ. Kò sí ọmọ aráyé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó láti gun irú wíìlì bẹ́ẹ̀ ní Coventry. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kékeré tó ṣeé ká sí abẹ́ tábìlì, wíìlì tó ga ju bàbá rẹ̀ lọ ló ń gùn, ojú kàn ni kò rí i. Ṣéènì ló gbé e pamọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé tí ṣéènì bá yọ, gbogbo ẹ̀ ló yọ.

Ayé ṣéènì tó tọ́

Hans Renold, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó wá ṣiṣẹ́ ní Manchester, ra ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Salford ní ọdún 1879. Ṣéènì fún ẹ̀rọ ìrànwú àti ẹ̀rọ ìhunṣọ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1880, ó gba pátẹ́ǹtì fún ṣéènì tó ní ọ̀pá irin kékeré láàárín oríkèé, tí a fi irin oníhò wọ̀ lára, tí òmíràn tó ń yí sì tún wà lórí ìyẹn. Èyí tó wà lóde jù ló ń yí gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ lórí eyín, kò jẹ́ kí ó ha á. Ṣéènì báísíkù tí gbogbo wa mọ̀, ọmọ ṣéènì yẹn ni. Ẹ rí i pé ọ̀dọ̀ òwú ló ti wá. Yorùbá sọ báísíkù ní orúkọ kẹ̀kẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ aránwú, ṣéènì báísíkù náà sì ti inú ẹ̀rọ ìrànwú jáde ní Manchester. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ò mọ̀. Ó kàn bọ́ sí i bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ọdún 1884, kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Kangaroo jáde ní Coventry. Wíìlì iwájú ni pẹ́dàlì rẹ̀ ṣì ń yí, àmọ́ wíìlì náà ti kéré, ṣéènì sì ni wọ́n fi mú kó yí ju ẹsẹ̀ lọ: ṣéènì kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Mo ka kẹ̀kẹ́ yìí sí ìyá àgbà kẹ̀kẹ́ aṣeéká. Ó fi han aráyé pé wíìlì kékeré lè ṣe iṣẹ́ wíìlì ńlá tí eyín bá pọ̀ níwájú. Àmọ́ ṣéènì méjì túmọ̀ sí ìtọ́jú ìlọ́po méjì, kò sì pẹ́ tó fi kúrò lójà. Ní ọdún 1885, John Kemp Starley, ọmọ mọ̀lẹ́bí James tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde. Pẹ́dàlì wà láàárín, ṣéènì kan ṣoṣo ń yí wíìlì ẹ̀yìn. Nígbà tí John Boyd Dunlop ṣe táyà tó ń gba afẹ́fẹ́ ní Belfast ní ọdún 1888, kẹ̀kẹ́ gíga ti ń kógbá sílé nìyẹn.

Nínú ayé yìí, ṣéènì tọ́. Eléyín kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n dojú kọ ara wọn gbọnrangandan. Kò sí ohun tó ń ti ṣéènì sọ́tùn-ún tàbí sósì. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe jíà Sturmey-Archer ní Nottingham ní ọdún 1902, inú họ́ọ̀bù ni wọ́n kó o sí, kí ṣéènì lè máa wà lójú kan. Tí ṣéènì bá yọ lára irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ó dẹ̀ ni, tàbí kí eléyín ti wọ́, tàbí kí eyín ti jẹ. Àwọn kẹ̀kẹ́ dúdú gíga tí àwọn bàbá wa gùn lọ sóko àti ilé-ìwé, Raleigh àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ ayé yìí ni wọ́n.

Ibẹ̀ ni àbúrò bàbá mi ti kọ́ṣẹ́. Mo ṣì ń rí i bó ṣe máa ń fi àtàǹpàkò gbé ṣéènì sókè láàárín. Tó bá ti gbéra jù, á tú nọ́ọ̀tì wíìlì ẹ̀yìn, á fa wíìlì náà sẹ́yìn nínú ihò gbọọrọ tó wà, á tún un dè. Tí ṣéènì bá ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí wíìlì ò lè lọ sẹ́yìn mọ́, á yọ oríkèé méjì. Ó tán. Mi ò rí i kó kùnà rí. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn nígbà tí mo ń gbẹ́nu sórí fóònù.

Ayé tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń yọ ṣéènì

Àwọn Faransé ò fẹ́ràn kí jíà wà nínú họ́ọ̀bù. Ní Saint-Étienne, ìlú olókè, Paul de Vivie, tó ń fi orúkọ Vélocio kọ̀wé, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa wàásù pé kí kẹ̀kẹ́ ní eléyín púpọ̀, kí ṣéènì máa bọ́ láti orí ọ̀kan sórí òmíràn. Wọ́n pe ohun tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní *dérailleur*. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Faransé, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá: ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin tó yà kúrò lójú irin ni. Èmi á máa pè é ní apá jíà. Orúkọ Faransé yẹn sọ òótọ́ pọ́nńbélé. Yíyọ ṣéènì kì í ṣe jàǹbá níbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni. Jàǹbá ni kó yọ tán kó má rí ibi bà lé. Àwọn aláṣẹ ìdíje Tour de France pàápàá ò fọkàn tán an. Ọdún 1937 ni wọ́n tó gbà á láàyè.

Ohun méjì yí padà. Àkọ́kọ́, apá jíà ní sípíríǹgì. Òun ló ń fa ibi tí ṣéènì ti dẹ̀ nísàlẹ̀. Nítorí náà kò sí ẹni tó ń fa wíìlì sẹ́yìn mọ́. Ṣéènì gbọ́dọ̀ gùn tó láti yí eléyín iwájú tó tóbi jù àti eléyín ẹ̀yìn tó tóbi jù ká lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì tún ṣẹ́ kù díẹ̀. Ẹni tó bá gé e kúrú, kì í ṣe pé ó mú un le. Ó ti dẹ pańpẹ́ fún apá jíà.

Ìkejì, eyín yí padà. Ní ọdún 1989, Shimano ti Jàpáánì gbé eléyín ẹ̀yìn Hyperglide jáde. Eyín rẹ̀ ò rí bákan náà mọ́: wọ́n gé àwọn kan kúrú, wọ́n fá ẹ̀gbẹ́ àwọn kan, kí ṣéènì lè rí ọ̀nà bọ́ kúrò láìjà. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún eléyín iwájú náà lára àwọn kẹ̀kẹ́ tó ní méjì tàbí mẹ́ta níwájú. Kì í sì í ṣe pé wọ́n kàn fi ṣéènì sílẹ̀ láìsí olùṣọ́. Apá jíà iwájú wà lórí rẹ̀, irin pẹlẹbẹ méjì tó há ṣéènì sáàárín. Ó ń ti ṣéènì lọ, ó ń ti í bọ̀, ó sì ń dí ọ̀nà kó má bọ́ dànù.

Irin eléyín 53 tí ọmọ mi gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ayé yìí ló ti wá. Òun ni èyí tó tóbi nínú méjì lára kẹ̀kẹ́ eré ìje. Wọ́n gé eyín rẹ̀ kó lè máa tú ṣéènì sílẹ̀ fún èkejì rẹ̀ tó kéré, pẹ̀lú olùṣọ́ lókè. Ọmọ mi wá gbé e sórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní èkejì, tí kò sì ní olùṣọ́. Ẹni tí wọ́n kọ́ ní ìjáde, a ní kó jókòó sílé, a ò ti ilẹ̀kùn.

Ayé wíìlì kékeré

Kíká kẹ̀kẹ́ kì í ṣe nǹkan tuntun. Ológun Faransé kan, Gérard, ti ní kẹ̀kẹ́ aṣeéká ní ẹ̀wádún 1890, BSA sì ṣe òmíràn fún àwọn sójà tó ń fi agboorùn bọ́ láti òfurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ṣùgbọ́n wíìlì ńlá ni wọ́n ní.

Wíìlì kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í gbayì pẹ̀lú ọ̀wọ́n epo. Nígbà ìjà Suez ní ọdún 1956, epo bẹ̀ǹtìróòlù di ohun tí wọ́n ń pín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Alex Moulton, oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó mọ̀ nípa rọ́bà, bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1962, ó gbé kẹ̀kẹ́ oníwíìlì íńṣì 16 jáde, pẹ̀lú sípíríǹgì tó ń gba gbágungbàgun ojú ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ yẹn ò ṣeé ká, àmọ́ ó fi hàn pé wíìlì kékeré lè sáré, tí eléyín iwájú bá ti tóbi tó. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ẹ̀wádún 1970, Harry Bickerton fi alumíníọ̀mù ṣe kẹ̀kẹ́ aṣeéká tó fúyẹ́. Andrew Ritchie rí ti Bickerton, ó ní òun lè ṣe èyí tó dára jù ú lọ. Inú yàrá rẹ̀ ní South Kensington ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ó ti ń wo ṣọ́ọ̀ṣì Brompton Oratory lódìkejì. Orúkọ kẹ̀kẹ́ Brompton ti ibẹ̀ wá. Ní ọdún 1982, David Hon àti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ lọ́kùnrin, Henry, dá Dahon sílẹ̀ ní California.

Ẹ wo bí àwọn wọ̀nyí ṣe tọ́jú ṣéènì. Lára Brompton, wíìlì ẹ̀yìn máa ń ṣẹ́ wọ abẹ́ férémù, ṣéènì á sì dẹ̀ tí wọ́n bá ká a. Ritchie fi apá onísípíríǹgì kan síbẹ̀ láti fa ohun tó bá dẹ̀, ó fi àwo róbótó bo ẹ̀gbẹ́ eléyín iwájú, ó sì jẹ́ kí ṣéènì wà láàárín wíìlì méjèèjì nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ká, kí ọ̀rá rẹ̀ má bàa kan aṣọ ẹni. Irú ti Dahon, àárín férémù ló ti ń ṣẹ́. Pẹ́dàlì àti wíìlì ẹ̀yìn jọ wà lẹ́yìn ibi tó ti ṣẹ́, nítorí náà kíká rẹ̀ kì í dẹ ṣéènì. Ti ọmọ mi, irú èyí ni, àwo méjì ló sì wà lára eléyín 46 tó bá a dé, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde.

Nínú gbogbo wọn, eléyín, àwo àti sípíríǹgì, wọ́n wọn ọ̀kan mọ́ èkejì ni. Àdéhùn wà láàárín wọn. Ẹni tó bá pààrọ̀ eléyín nìkan ti da àdéhùn náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an

Mo ní kó ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́. Ohun mẹ́rin ni a rí.

Àkọ́kọ́, àwọn àwo yẹn ti kéré. Láti àárín eléyín 46 dé ibi tí ṣéènì ń gbà jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 93. Ti 53 jẹ́ 107. Eyín ti yọrí jáde kọjá àwo, bí àgbà tó dé fìlà ọmọdé.

Ìkejì, àwọn eyín náà jẹ́ eyín atúnisílẹ̀, bí mo ti wí.

Ìkẹta, ibi tó dè é sí ti jáde síta ní bíi mìlímítà 5 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí ṣéènì bá wà lórí eléyín ẹ̀yìn tó tóbi jù, èyí tó sún mọ́ inú jù, ẹ̀gbẹ́ ni ṣéènì ń gbà wọlé. Òkè eléyín iwájú ni ṣéènì ti ń wọlé, ìsàlẹ̀ ló ti ń jáde. Tí ojú ọ̀nà bá gbọ̀n ọ́n nígbà tó ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ó ti tán.

Ìkẹrin, ṣéènì ò dẹ̀ rárá. Ó kúrú ni. Eyín mẹ́rin tí a bá fi kún eléyín ń béèrè íńṣì kan sí i lára ṣéènì. Eyín 7 tí ó fi kún un ń fẹ́ íńṣì 1.75. Íńṣì odindi ni a sì máa ń fi kún ṣéènì, nítorí oríkèé fífẹ̀ àti oríkèé tóóró gbọ́dọ̀ jọ rìn. Oríkèé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì íńṣì. Ó yẹ kó fi oríkèé mẹ́rin kún un. Èmi ní kó yọ méjì.

Eyín tó ń di nǹkan mú

Ṣéènì ní àlàfo fífẹ̀ àti àlàfo tóóró, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo eyín báísíkù nípọn bákan náà, ìwọ̀n àlàfo tóóró ni wọ́n ń bá lọ, ìyẹn ni pé eyín kan nínú méjì kì í kún inú àlàfo rẹ̀. Ní ìparí ẹ̀wádún 1970, ilé-iṣẹ́ Gehl ní Amẹ́ríkà, tó ń ṣe ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, gba pátẹ́ǹtì fún eléyín tí eyín rẹ̀ nípọn kan, tín-ín-rín kan. Oko ni wọ́n ń rò, kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Ní ọdún 2012, SRAM gbé irú eyín bẹ́ẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́ orí òkè tó ní eléyín iwájú kan ṣoṣo. Eyín nínípọn á kún àlàfo fífẹ̀, eyín tín-ín-rín á wọ àlàfo tóóró, ṣéènì á jókòó pẹ́pẹ́. Lọ́dún kan ṣáájú ìyẹn, 2011, Shimano ti fi ohun tó ń di apá jíà mú sínú ti kẹ̀kẹ́ orí òkè, kí ṣéènì má máa fò nísàlẹ̀.

Irú eléyín yìí kò lè ní iye eyín tí kò ṣeé pín sí méjì. Tó bá jẹ́ 53, nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan tán, eyín nínípọn á dé ibi àlàfo tóóró, kò sì ní wọlé. Nítorí náà 52 tàbí 54. Ọmọ mi mú 54. Ó di íńṣì 83.

Bó ṣe tẹ̀ lé e rèé. Ó kọ́kọ́ wọn àyè láàárín eléyín tuntun àti férémù kó tó san owó, nítorí eléyín tó bá ń kan férémù, kò sí ohun tí èèyàn lè fi tún un ṣe lẹ́yìn náà. Ó ká kẹ̀kẹ́ wò, kó lè mọ̀ bóyá eléyín á máa kanlẹ̀. Ó yọ àwọn àwo kékeré. Ó dè é sí ẹ̀gbẹ́ inú, kó lè dojú kọ àárín àwọn eléyín ẹ̀yìn. Ó wọn ṣéènì àtijọ́: oríkèé 24 yẹ kó jẹ́ íńṣì 12 gééré, tirẹ̀ ti ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìdá 16 íńṣì kan, ó ti gbó nìyẹn. Ó ra tuntun. Ó yí i ká eléyín iwájú àti eléyín ẹ̀yìn tó tóbi jù láìgba inú apá jíà, ó fi oríkèé méjì kún un, ibẹ̀ ló gé e sí. Lẹ́yìn náà ló de irin kékeré kan mọ́ òpó abẹ́ ìjókòó, lẹ́bàá ibi tí ṣéènì ti ń wọ eléyín lókè, kó máa dí ẹ̀gbẹ́ inú. Ó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́, ó yí pẹ́dàlì síwájú àti sẹ́yìn lórí gbogbo jíà, kó tó gbé e jáde.

Títí di ọjọ́ tí mo ń kọ èyí, ṣéènì náà ò tíì yọ.

Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ẹ̀yin Prof, kò sí nǹkan kan sà.” Nǹkan wà. Àbúrò bàbá mi ò fún mi ní ìmọ̀ràn tó burú. Èmi ni mo gbé ohun tó tọ́ fún ṣéènì ọdún 1885 lọ fún ẹni tó ń gun ti 1937, pẹ̀lú eyín 1989, lórí wíìlì 1962. Kí n tó dáhùn ni ó yẹ kí n ti béèrè pé, “Jíà ẹ, inú họ́ọ̀bù ló wà ni àbí ìta?” Ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá ti tó.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ atúnkẹ̀kẹ́ṣe ládùúgbò yín, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn: kí ni wọ́n ń pe irin eléyín tó wà níbi pẹ́dàlì? Mo fẹ́ mọ bí ó ṣe yàtọ̀ láti Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́ sí Àkúrẹ́. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn.